Lẹ́yìn tí ogun bá parí: ṣé kíkọ́ àwọn ọmọdé nìkan tó láti gbà wọ́n lọ́wọ́ àdó olóró abẹ́ ilẹ̀?

Olùkọ́Àdùkẹ́ kọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò kọ ẹ̀kọ́ ṣókí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn òbí wọn ń padà sí abúlé tí ogun ti lé wọn kúrò. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti àwọn ohun abúgbàmù mìíràn tí àwọn jagunjagun fi sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fara mọ́ ni pé kí a lẹ àwòrán àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ara ògiri, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ní gbólóhùn mẹ́ta: má ṣe sún mọ́ ọn, má ṣe fọwọ́ kàn án, lọ sọ fún àgbàlagbà.

Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, àwọn tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri àgbáyé ni wọ́n sì ń lò wọ́n. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún tí àwọn olùpolongo fún ìfòfindè àdó abẹ́ ilẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé ní ọdún 2023, ènìyàn 5,757 ni wọ́n ṣàkọsílẹ̀ pé àdó abẹ́ ilẹ̀ àti ohun abúgbàmù tí ó ṣẹ́ kù lójú ogun pa tàbí ṣe léṣe. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 84 jẹ́ ará ìlú tí kò gbé ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú tí wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn, 37 jẹ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní gbólóhùn mẹ́ta yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ ṣì ń kú? Kí ni ó yẹ kí a fi kún ẹ̀kọ́ wa?

SójàFẹ̀yìntì kọ:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ni mo wà nínú iṣẹ́ ológun kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọdé tètè máa ń mọ̀ bí ẹni tí ó ń kọ́ ọ kò bá mọ ohun tí ó ń sọ.

Àdó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ de ènìyàn kì í dúró de ìwúwo àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń bú tí ohun tí ó wúwo tó kílò 5 sí 16 bá ti tẹ̀ wọ́n, ọmọ tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ sì ti wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n so okùn wáyà tín-ín-rín mọ́, tí wọ́n na wáyà náà gba inú koríko, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ ni yóò fà á yọ. Èyí tí wọ́n rì de ọkọ̀ ogun ni ó sábà máa ń béèrè ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi lè máa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà kan lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, tí wọn yóò sì máa sọ pé ọ̀nà náà mọ́, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ tí ó kún fún èrò yóò gbé táyà lé e.

Ọjọ́ orí kì í pa á. Ogun àgbáyé kìíní parí ní ọdún 1918, síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní àríwá Faransé ṣì ń fi ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ hú ọta àgbá ogun náà jáde títí di òní. Bí irin rẹ̀ bá dípẹtà, kò sọ pé oró rẹ̀ ti dínkù. Ó lè túbọ̀ le láti mọ ohun tí yóò mú un bú ni.

Ìkejì ni àwọn àdó ńlá tí wọ́n ń jù láti inú ọkọ̀ òfurufú, tí ó máa ń là lójú ọ̀run, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdó kéékèèké sì máa tú jáde láti inú rẹ̀. Láàrin ọdún 1964 sí 1973, Amẹ́ríkà ju nǹkan bí 270 mílíọ̀nù irú àdó kéékèèké bẹ́ẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Láósì, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí kò bú nígbà tí ó balẹ̀. Ó rí roboto, kò ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì lọ. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ tí ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ní Afganísítánì, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ju irú kan tí ó ní ìyẹ́ apá kan sílẹ̀ láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ́ náà ni àwọn ọmọ rí tí wọ́n fi rò pé nǹkan ìṣeré ni.

Nọ́ọ̀sìTèmi kọ:

Ohun tí ọ̀gá wa Sójà sọ nípa àwọn ọmọ tí ó rò pé nǹkan ìṣeré ni ni mo fẹ́ tẹ̀síwájú lórí rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá tẹ àdó sábà máa ń pàdánù ẹsẹ̀ tàbí gbogbo itan. Ọmọdé kúrú, nítorí náà ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun àti ojú rẹ̀ sún mọ́ ibi tí ó ti bú ju ti àgbàlagbà lọ. Èyí tí ó bá sì gbé nǹkan náà dání láti wò ó ni, àyà àti ojú ni ó máa ń gbé e sí, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọmọdé ṣe máa ń wo nǹkan tuntun. Ìka ọwọ́, ojú méjèèjì àti etí ni ó sábà máa ń bá a lọ, bí ó bá tilẹ̀ yè é.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Egungun ọmọ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, nígbà mìíràn egungun náà á gùn ju awọ tí ó bò ó lọ, wọn á sì ní láti tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún un. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un lónìí kò ní bá a mu mọ́ láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, nígbà tí ti àgbàlagbà lè tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ronú ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé padà dé, tí kò tíì rí oko dá, tí ilé ìwòsàn tí ó ń ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì jìnnà sí i bí ìrìn ọjọ́ méjì. Ọmọ náà á jókòó sílé. Nígbà tí ó bá fi máa di ọmọ ọdún méjìlá, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ó ti pàdánù, ó ti pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ ẹ̀kọ́ tí yóò mú kí àwọn ọmọ yòókù máa fojú òmùgọ̀ wo ẹni tí ó ti farapa. Mo ti rí i rí.

BàbáÌbejì kọ:

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe rí i. Ọmọ tí ó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kì í lọ sí ibi tí wọ́n ní kó má lọ. Bí a bá ti sọ fún ọmọ pé igbó yìí kì í ṣe ibi eré, tí ó tún gba ibẹ̀ lọ, ẹ̀bi ta ni? Ìyá àti bàbá ni kí wọ́n pe ọmọ wọn jókòó. Gbogbo owó tí wọ́n ń ná lórí ìpàdé, pátákó àti àwòrán, ṣe ni kí wọ́n pín in fún àwọn òbí kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọmọ wọn.

Oníṣẹ́Abúlé kọ:

Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rán ọmọ náà lọ sí igbó? Òbí kan náà tí ẹ ní kí ó ṣọ́ ọ ni. Ó rán an lọ pọn omi nítorí pé ogun ti ba kànga abúlé jẹ́. Ó ní kí ó da ẹran lọ jẹ koríko, níbi tí koríko ti dára jù lọ, ibẹ̀ sì ni ó máa ń jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì débẹ̀ láti ìgbà ogun. Igi ìdáná ń kọ́? Mo ti ṣe iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ yìí ní abúlé mélòó kan, ohun tí mo bá níbẹ̀ sì ni pé àwọn ọmọ mọ̀ dáadáa ibi tí ewu wà. Wọ́n lè fi ìka yà á sínú iyẹ̀pẹ̀ fún yín. Àìmọ̀ kọ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀.

Owó irin ni ìdí mìíràn. Ní Láósì àti Kàm̀bódíà, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣa irin àlòkù ogun tà, àwọn ọmọdé sì ń bá wọn ṣe é, nítorí pé ẹni tí ó ń ra irin kì í béèrè ibi tí ẹ ti rí i. Ọmọ tí ó mọ̀ pé àpò irin kan yóò di oúnjẹ alẹ́ fún ilé wọn kò ní fi í sílẹ̀ nítorí àwòrán tí ó rí lára ògiri. Níbi tí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tí ó ń ra irin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ọba tàbí baálẹ̀ ibẹ̀ bá a dá májẹ̀mú pé kò gbọdọ̀ ra irin lọ́wọ́ ọmọdé.

Lórí ẹ̀kọ́ náà, Olùkọ́ Àdùkẹ́, ẹ yọ̀ǹda kí n sọ èrò mi ní kúkurú. Ẹ má ṣe fi àwòrán àdó tuntun tí ó ń dán hàn wọ́n. Bí wọn yóò ṣe rí i gan-an ni kí ẹ yà á, ìdajì rẹ̀ nínú ilẹ̀, koríko lórí rẹ̀, ìpẹtà ti bò ó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ẹ má ṣe gbé èyí tí wọ́n fi igi tàbí rọ́bà gbẹ́ wá sí kíláàsì kí ẹ máa fi lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ kì í ba ọwọ́ lẹ́rù mọ́. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni kí ẹ kọ́kọ́ fiyè sí, nítorí pé wọ́n ń dán ìgboyà ara wọn wò, wọ́n á sọ òkúta lù ú, wọ́n á dáná sí i kí wọ́n lè gbọ́ bí yóò ṣe bú. Ẹni tí ó bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé nǹkan yìí ní agbára púpọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ dán an wò nìyẹn.

Ohun tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí mo wà ni kí àwọn ọmọ fúnra wọn ya àwòrán abúlé sílẹ̀: ilé, odò, ọ̀nà oko, pápá bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n fi òkúta sí ibi tí wọn kì í gbà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi wọ́n pé, nígbà tí ìyá bá ní kí ẹ lọ ṣẹ́gi, ọ̀nà wo ni ẹ máa gbà? Ìgbà yẹn ni òótọ́ máa jáde. Kí ẹ sì pe àwọn ìyá wá wo àwòrán náà kí wọ́n tó pa á rẹ́.

OlùṣàwáríPápá kọ:

Mo fara mọ́ Oníṣẹ́Abúlé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò lè rọ́pò kí a mú àdó náà kúrò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ lè ṣàìgbọràn kó sì padà wálé.

Iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tí ó ń wá irin. Ìbéèrè ni ó ń kọ́kọ́ wáyé: àwọn darandaran, àwọn sójà tí ó ti jà níbẹ̀, ibi tí ẹran ti kú, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dáko sí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ni kò ní nǹkan kan nínú, tí a bá sì fi ìwádìí yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, owó àti àkókò á ṣẹ́ kù fún ibi tí ó léwu lóòótọ́. Owó ṣe pàtàkì níhìn-ín o. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ṣíṣe àdó abẹ́ ilẹ̀ kan lè má ju dọ́là 3 sí 30 lọ, nígbà tí wíwá a rí àti yíyọ ọ́ lè gba dọ́là 300 sí 1,000.

Òkété náà ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní APOPO, tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù dá sílẹ̀, ń kọ́ àwọn òkété ní Tàǹsáníà láti máa gbóòórùn oògùn abúgbàmù. Wọn kò wúwo tó láti mú àdó bú, wọn kì í sì í dúró lórí ìṣó àti ìdérí agolo bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe. Ààyè tí ó tó pápá tẹ́níìsì kan, òkété lè yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, níbi tí ènìyàn tí ó mú ẹ̀rọ dání lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tí ó ṣiṣẹ́ ní Kàm̀bódíà, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2020. Mòsáḿbíìkì, níbi tí òkété, ajá, ẹ̀rọ àti ènìyàn ti jọ ṣiṣẹ́, kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 pé gbogbo pápá àdó tí àwọn mọ̀ ni àwọn ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé iṣẹ́ yìí kò lè parí, ẹ tọ́ka ibẹ̀ sí i.

Nípa àmì: pátákó pupa tí wọ́n ya agbárí sí dára, ṣùgbọ́n níbi tí ìyà bá ti ń jẹ ènìyàn, wọ́n á fa igi rẹ̀ tu lọ dáná, wọ́n á fi irin rẹ̀ tún òrùlé ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun òkúta ní Afganísítánì, pupa fún ibi tí ewu wà, funfun fún ibi tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì tí wọ́n ń lò ní agbègbè tiwọn gan-an, pẹ̀lú àwọn tí ará abúlé fúnra wọn ń ṣe, bí ẹ̀ka igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé omíyalé lè gbé àdó kúrò níbi tí àmì wà. Ó ṣẹlẹ̀ ní Bosnia ní ọdún 2014, nígbà tí àkúnya omi àti ìyalẹ̀ gbé àwọn àdó àti pátákó wọn lọ.

AmòfinTóbi kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ kún un. Àdéhùn Ottawa, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 1997 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1999, fòfin de lílò, ṣíṣe, títọ́jú àti títa àdó tí wọ́n rì de ènìyàn. Ó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọdún mẹ́rin láti ba èyí tí ó kó pamọ́ jẹ́, àti ọdún mẹ́wàá láti palẹ̀ èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tọrọ àfikún ọdún. Ó ju 160 orílẹ̀-èdè lọ tí ó wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Íńdíà àti Pakísítánì kò sí níbẹ̀. Àdéhùn mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010 fòfin de àwọn àdó olómọ kéékèèké tí Sójà ṣàlàyé. Àdéhùn kẹta, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003, sì ní kí ẹgbẹ́ tí ó bá jagun ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ó jù àti ibi tí ó jù ú sí, kí ó sì fi í lé àwọn tí yóò palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ tí ogun bá ti dáwọ́ dúró. Ó dùn mí pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lè gba ẹ̀mí là ju pátákó lọ.

Ní ọdún 2025, Lithuania, Latvia, Estonia, Finland àti Poland fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ń jáde kúrò nínú Àdéhùn Ottawa nítorí ẹ̀rù Rọ́ṣíà. Mo mọ ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù, síbẹ̀ mi ò rí ẹ̀rí pé àdó tí ó ń dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ ogun ọ̀tá àti ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá débẹ̀ ní ogún ọdún sí i.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbébọn tí kì í ṣe ìjọba, Nàìjíríà kéde ní ọdún 2011 pé ilẹ̀ òun ti mọ́, kí ó tó di pé àdó tí Boko Haram ń fọwọ́ ṣe tún gba ojú ọ̀nà àti oko ní Borno, Yobe àti Adamawa. Àdó àfọwọ́ṣe tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ń mú bú wà lábẹ́ àdéhùn yẹn náà. Kò ní ìrísí kan pàtó tí ẹ lè yà sára ògiri, Olùkọ́: ó lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì, ó lè jẹ́ ìkòkò.

BàbáÌbejì kọ:

Ẹ ṣeun, Oníṣẹ́Abúlé. Ọ̀rọ̀ omi yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé òbí ní ipa tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi Sójà ní ìbéèrè kan. Bí ọmọ bá ti wà láàrin ibẹ̀ ná, tí ó wá rí i pé inú ewu ni òun wà, tàbí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, kí ni kí ó ṣe? Èmi mọ̀ pé màá sáré wọ ibẹ̀.

SójàFẹ̀yìntì kọ:

Ìyẹn ni ó ń pa ẹnìkejì, ẹ̀gbọ́n. Àdó kì í sábà dá wà, àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ó sáré wọlé láti gbé ọmọ ti kú sí i ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó le láti sọ fún ìyá, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọmọ tí ó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbagidi ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Kí ó pariwo kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, kí ó sì pe àgbàlagbà. Kí ó wo ilẹ̀ àyíká ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wáyà tàbí ohun mìíràn, láìgbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dúró de ìrànlọ́wọ́, ì báà jẹ́ wákàtí mélòó. Bí ẹnì kan bá ti farapa, kí àwọn tí ó wà níta máa bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n ní kí ó má mira, kí wọ́n sì ju aṣọ sí i kí ó fi di ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde mọ́ra, bí ó bá lè ṣe é, títí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é bí eré ní pápá ilé-ẹ̀kọ́: ẹ fọn fèrè, kí gbogbo wọn dúró bí òkúta. Ara ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí orí ṣiṣẹ́.

Olùkọ́Àdùkẹ́ kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi yóò gbé àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fúnra wọn yà àti eré fèrè lọ síwájú ìgbìmọ̀, màá sì ní kí a pe àwọn ìyá sí ẹ̀kọ́ náà. Ohun kan ló kù. Gbólóhùn kẹta wa ni pé kí ọmọ lọ sọ fún àgbàlagbà. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tàbí ọlọ́pàá nítòsí, ta ni àgbàlagbà náà yóò sọ fún?

Oníṣẹ́Abúlé kọ:

Ẹ yan ènìyàn méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí gbogbo ọmọ mọ ilé wọn. Kí wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́, ibi àti bí nǹkan náà ṣe rí sí. Láti ibi tí wọ́n dúró sí ni kí wọ́n ti fi òkúta tàbí ẹ̀ka igi sàmì sí ọ̀nà, kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ọn láti lọ wò ó dáadáa, kí wọ́n sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tí ó bá ń lọ sí ibi tí àwọn tí ó ń palẹ̀ àdó mọ́ wà. Kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó mú ìròyìn wá, kí ẹnikẹ́ni má nà án nítorí pé ó gba ibẹ̀ kọjá, nítorí tí wọ́n bá nà án lẹ́ẹ̀kan, kò sí ọmọ tí yóò tún sọ ohun tí ó rí. Ẹ bá àwọn tí ó ń palẹ̀ mọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú pé kí wọ́n fèsì sí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ láti sọ pé wọn kò tíì lè dé. Mo ti dé abúlé tí àwọn ọmọ ti ròyìn nǹkan kan náà léraléra tí ẹnikẹ́ni kò wá, nígbà tí mo sì débẹ̀, àwọn ọmọ náà ti gbé e kúrò lójú ọ̀nà fúnra wọn.